Òkúta Pílátù àti Àpótí Jákọ́bù: Èwo Ni Ká Gbára Lé?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́, sà. Mo jẹ́ olùkọ́ ní kíláàsì Bíbélì àwọn àgbà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, bàbá kan sọ pé kí wọ́n tó hú òkúta kan jáde lọ́dún 1961, Bíbélì nìkan ló mọ̀ pé Pílátù gbé ayé rí. Arábìnrin kan wá fi fídíò kan hàn wá lórí WhatsApp, pé wọ́n ti rí àpótí tí wọ́n kó egungun Jákọ́bù arákùnrin Jésù sí, orúkọ Jésù gan-an sì wà lára rẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní irọ́ ni gbogbo rẹ̀, pé àwọn tó ń fi nǹkan àtijọ́ ṣòwò ló ń gbé e kiri. Díẹ̀ ló kù kó dìjà. Kí ni kí n sọ fún wọn tá a bá tún pàdé?

Ìdáhùn:

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa, olùkọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá, torí òkúta tí wọ́n ń sọ yẹn wà lóòótọ́, ohun tá a sì lè rí kọ́ lára rẹ̀ ju èyí tí wọ́n máa ń sọ nínú fídíò lọ.

Kesaríà ni wọ́n ti rí i, ìlú etíkun tí Hẹ́rọ́dù Ńlá kọ́, tí àwọn gómìnà Róòmù wá fi ṣe ibùjókòó. Jerúsálẹ́mù kọ́ ni Pílátù fi ṣe ilé. Bí àjọ̀dún bá dé tí èrò pọ̀ níbẹ̀ ló máa ń kó ọmọ ogun gòkè lọ. Lọ́dún 1961 náà, àwọn awalẹ̀pìtàn láti Ítálì, tí Antonio Frova jẹ́ olórí wọn, ń wa ilẹ̀ tíátà àtijọ́ ìlú náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kan òkúta ẹfun kan tí wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn. Àwọn bíríkìlà tó tún tíátà náà ṣe ní nǹkan bí 300 ọdún lẹ́yìn Pílátù ń wá òkúta, wọ́n rí ògbólógbòó kan, wọ́n gbẹ́ apá kan rẹ̀ dànù kó lè bá ààyè rẹ̀ mu, wọ́n sì tẹ́ ẹ sílẹ̀ kí èrò máa gbà á kọjá. Ohun tí wọ́n kọ sí i kò já mọ́ nǹkan kan lójú wọn mọ́.

Gíga òkúta náà tó sẹ̀ǹtímítà 82. Ìlà mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n fín sára rẹ̀, ìkẹrin sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ tán. Lórí ìlà kìíní, a rí TIBERIEUM, ìyẹn ilé kan tí wọ́n fi bọlá fún Tìbéríù Késárì. Lórí ìkejì, TIUS PILATUS. Ibi tí PON yẹ kó wà ni wọ́n gbẹ́ dànù. Lórí ìkẹta, ECTUS IUDA, tí àwọn onímọ̀ gbà pé praefectus Iudaeae ni, ìyẹn aláṣẹ tí Róòmù fi ṣe olórí Jùdíà. Pílátù kọ́ ilé kan tàbí ó tún un ṣe, ó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ praefectus yẹn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbé yẹ̀ wò dáadáa. Tacitus, òpìtàn Róòmù tó kọ̀wé ní nǹkan bí ọdún 116 lẹ́yìn ìbí Kristi, sọ pé lásìkò Tìbéríù ni Pọ́ńtíù Pílátù pa Kristi, ṣùgbọ́n procurator ló pè é. Ìgbà ìjọba Kíláúdíù Késárì, láti nǹkan bí ọdún 44, ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ oyè yẹn pe àwọn gómìnà Jùdíà. Bí àwọn èèyàn ìgbà tirẹ̀ ṣe ń pe irú aláṣẹ bẹ́ẹ̀ ni Tacitus ṣe pe Pílátù, bí ìgbà tí ẹnì kan lónìí bá pe ajẹ́lẹ̀ ayé ìjọba òyìnbó ní gómìnà ìpínlẹ̀. Òkúta tí wọ́n fín lójú Pílátù fúnra rẹ̀ ló wá jẹ́ ká mọ oyè tó ń jẹ́ gan-an. Àwọn ìwé Ìhìn Rere ní tiwọn lo ọ̀rọ̀ Gíríìkì kan tó lè jẹ́ aláṣẹ èyíkéyìí, èyí tí Bíbélì wa àtijọ́ túmọ̀ sí Baálẹ̀, nítorí náà òkúta yìí kò ta ko wọ́n. Mo fẹ́ràn irú nǹkan báyìí gan-an, kí àfọ́kù àtẹ̀gùn máa tún ọ̀rọ̀ òpìtàn ńlá ṣe.

Ṣùgbọ́n ibi tí bàbá ti ṣì í sọ nìyí: kì í ṣe Bíbélì nìkan ló mọ Pílátù kí wọ́n tó rí òkúta náà. Philo ará Alẹkisáńdíríà, tí òun àti Pílátù jọ gbé ayé nígbà kan náà, kọ̀wé nípa rẹ̀, ó sì bá a wí kíkankíkan pé ìkà àti olórí kunkun ni. Josephus, Júù tó jẹ́ òpìtàn, ròyìn bí Pílátù ṣe fi owó ilé Ọlọ́run la ọ̀nà omi wọ Jerúsálẹ́mù, tó sì ní kí àwọn sójà fi kùmọ̀ lu àwọn tó wá fi ẹ̀hónú hàn. Tacitus nìyẹn tá a ti dárúkọ. Owó ẹyọ bàbà tí wọ́n rọ lásìkò rẹ̀, láàárín ọdún 29 sí 31, náà wà lọ́wọ́ wa, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ Késárì ni wọ́n kọ sí i, kì í ṣe tirẹ̀. Iye ọdún tó lò, láti 26 sí 36, ọ̀dọ̀ Josephus la ti ṣírò rẹ̀. Ohun tí òkúta 1961 fi kún un ni pé òun ni ohun àkọ́kọ́ tí a rí nílẹ̀ Jùdíà fúnra rẹ̀, tí wọ́n fín nígbà ayé Pílátù, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ìyẹn pọ̀ tó. Kò yẹ ká tún bù mọ́ ọn. Ẹ ro ti ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn: lọ́jọ́ tó bá ka Josephus tó sì rí Pílátù níbẹ̀, tó rántí pé wọ́n sọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kò sí nǹkan bẹ́ẹ̀, òkúta tó jẹ́ òótọ́ gan-an ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyè méjì nípa rẹ̀.

Ó wá kan àpótí arábìnrin wa.

Kẹ́ ẹ tó lè lóye rẹ̀, ẹ ní láti mọ bí àwọn Júù tó rí já jẹ ní Jerúsálẹ́mù ṣe ń sìnkú nígbà náà. Wọ́n á tẹ́ òkú sórí pẹpẹ òkúta nínú ibojì tí wọ́n gbẹ́ sínú àpáta. Lẹ́yìn bí ọdún kan, tí ẹran ara bá ti jẹrà tán, àwọn mọ̀lẹ́bí á padà wá, wọ́n á ṣa egungun rẹ̀ sínú àpótí kékeré tí wọ́n fi òkúta ẹfun gbẹ́, wọ́n á sì tì í sínú ihò kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn bàbá rẹ̀. Egungun itan ni wọ́n fi ń wọn gígùn àpótí náà, torí òun ló gùn jù. Nígbà mìíràn wọ́n á fi ohun mímú ha orúkọ sí i lára, kí wọ́n má bàa ṣi òkú kan gbé fún òmíràn. Àṣà yìí kò pẹ́: ó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 20 ọdún ṣáájú ìbí Kristi, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ nígbà tí Róòmù pa Jerúsálẹ́mù run lọ́dún 70. Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé irú àpótí bẹ́ẹ̀ síwájú onímọ̀, ó ti mọ sáà tó ti wá kó tó ka orúkọ ara rẹ̀.

Ní October 2002, ìròyìn gba ayé pé onímọ̀ ìwé àtijọ́ kan láti Faransé, André Lemaire, ti ka ohun tí wọ́n kọ sára àpótí kan lédè Árámáìkì: Ya'akov bar Yosef akhui di Yeshua. Ní Yorùbá: Jákọ́bù ọmọ Jósẹ́fù, arákùnrin Jésù. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n pàtẹ rẹ̀ fún aráyé ní Toronto. Ó ti sán níbi tí wọ́n ti ń gbé e lọ, wọ́n ní láti tò ó pọ̀ kí wọ́n tó gbé e síta.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí kan, torí mo mọ̀ pé wọ́n máa bi yín ní kíláàsì. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́ tiwa, ẹni tó bá dárúkọ ọmọ ìyá rẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ bóyá ẹ̀gbọ́n ni tàbí àbúrò. Èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun kò bèèrè bẹ́ẹ̀, àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wa sì fọgbọ́n lo “arákùnrin”, wọn ò bá wa dájọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀, torí àríyànjiyàn pọ̀ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáǹtì gbà pé àbúrò Jésù ni Jákọ́bù, ọmọ tí Màríà àti Jósẹ́fù bí lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ìjọ Ìlà Oòrùn ní ẹ̀gbọ́n ni, ọmọ tí Jósẹ́fù ti bí kó tó fẹ́ Màríà. Àwọn Kátólíìkì ní ìbátan ni. Àpótí náà, kódà bó bá jẹ́ ojúlówó, kò lè parí ìjà yìí, torí ọ̀rọ̀ Árámáìkì náà kò sọ ẹ̀gbọ́n, kò sọ àbúrò. Ohun tó dájú ni pé Jákọ́bù gbé ayé: Pọ́ọ̀lù sọ nínú Gálátíà 1:19 pé òun rí i, Josephus náà sì ròyìn pé lọ́dún 62, àlùfáà àgbà kan ní kí wọ́n sọ ọ́ lókùúta.

Ǹjẹ́ àpótí náà jẹ́ tirẹ̀? Lákọ̀ọ́kọ́ ná, orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó wà lára rẹ̀ wọ́pọ̀ nílẹ̀ Jùdíà nígbà yẹn bí Ayọ̀délé ṣe wọ́pọ̀ láàárín wa. Nínú Bíbélì fúnra rẹ̀, ẹ wo Kólósè 4:11, ẹ máa rí Jésù mìíràn tí wọ́n ń pè ní Jústù. Lemaire fúnra rẹ̀ ṣírò rẹ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọkùnrin bí 20 wà ní Jerúsálẹ́mù tó jẹ́ Jákọ́bù ọmọ Jósẹ́fù, tó sì ní arákùnrin tó ń jẹ́ Jésù. Èrò tirẹ̀ ni pé wọn kì í sábà kọ orúkọ arákùnrin sára àpótí, nítorí náà Jésù yìí ti ní láti jẹ́ ẹni tí gbogbo èèyàn mọ̀. Àlàyé náà mọ́gbọ́n dání, ṣùgbọ́n àlàyé lásán ni.

Ìṣòro tó le jù ni ibi tí àpótí náà ti wá. Kì í ṣe awalẹ̀pìtàn kankan ló wà á jáde. Ọwọ́ ẹnì kan tó ń kó ohun àtijọ́ jọ ní Tel Aviv ló wà, ó ní òun rà á lọ́wọ́ oníṣòwò ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Kò sẹ́ni tó mọ ibojì tó wà, kò sẹ́ni tó mọ àpótí wo ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, egungun inú rẹ̀ kò sì sí mọ́. Lọ́dún 2003, ìgbìmọ̀ tí àjọ ìjọba Ísírẹ́lì tó ń bójú tó ohun àtijọ́ gbé kalẹ̀ sọ pé àpótí náà ti pẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òde òní ni wọ́n fín ọ̀rọ̀ sí i. Àwọn onímọ̀ mìíràn kò gbà. Wọ́n ní ìpele tín-ín-rín tí ọjọ́ pípẹ́ máa ń fi bo ojú òkúta wà nínú àwọn lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù, ìgbẹ́jọ́ gba ọ̀pọ̀ ọdún. Ní March 2012, adájọ́ dá olówó àpótí náà sílẹ̀ lórí ẹ̀sùn pé ó ṣe ayédèrú, torí ìjọba kò lè fi ẹ̀rí tó kọjá iyè méjì gbè é lẹ́sẹ̀. Adájọ́ kan náà sì là á mọ́lẹ̀ pé ìdájọ́ òun kò túmọ̀ sí pé ojúlówó ni ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Bọ́rọ̀ ṣe dúró nìyẹn. Ẹni tó ní “wọ́n ti fi hàn ní kóòtù pé òótọ́ ni” kò ka ìdájọ́ náà, ẹni tó ní “wọ́n ti fi hàn pé irọ́ ni” náà kò kà á. Ní tèmi, mi ò ní gbé ìwàásù ka orí rẹ̀.

Ẹ wá fi àpótí mìíràn wé e. Ní November 1990, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń ṣe ọgbà ìgbafẹ́ kan ní gúúsù Jerúsálẹ́mù ṣèèṣì já òrùlé ibojì kan wọlé. Wọ́n dáwọ́ iṣẹ́ dúró, wọ́n ránṣẹ́ pe awalẹ̀pìtàn. Zvi Greenhut dé, ó sì bá àpótí egungun 12 níbẹ̀. Ọ̀kan lára wọn ni wọ́n fi òdòdó róbótó ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tó rẹwà gan-an, ìgbà méjì ni wọ́n sì fọwọ́ ha orúkọ sí i: Yehosef bar Qayafa. Josephus ti sọ fún wa pé orúkọ tí àlùfáà àgbà tó wà nípò nígbà ayé Pílátù ń jẹ́ gan-an ni Jósẹ́fù, pé Káyáfà ni wọ́n kàn ń pè é. Egungun èèyàn mẹ́fà ló wà nínú àpótí yìí, ọ̀kan jẹ́ ti ọkùnrin tó tó ẹni 60 ọdún. Nínú ibojì kan náà, wọ́n rí owó ẹyọ Hẹ́rọ́dù Àgírípà Kìíní, tí wọ́n rọ ní nǹkan bí ọdún 42 tàbí 43.

Nípa ti Káyáfà yìí náà, àwọn onímọ̀ kan ń jiyàn lórí bó ṣe yẹ kí wọ́n ka lẹ́tà orúkọ náà, àti bóyá ti àlùfáà àgbà ni tàbí ti ìbátan rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí irú àríyànjiyàn tó jẹ́. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bóyá wọ́n fín in lánàá. A mọ ọjọ́ tí wọ́n rí i, a mọ ihò tó wà, a mọ ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, a mọ ẹni tó kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. Ìyàtọ̀ àárín àpótí méjèèjì kò sí nínú bí orúkọ ara wọn ṣe gbajúmọ̀ tó. Ilẹ̀ ló jẹ́rìí sí ọ̀kan, èkejì kò ní ẹlẹ́rìí kankan àyàfi ẹni tó ní òun rà á. Ẹni tó bá hú ibojì lóru, tó da egungun nù, tó gbé àpótí lọ sọ́jà, ó ti ba ohun tó pọ̀ ju iye tó máa tà á lọ jẹ́.

Ká ní ẹ ní kí n mú ohun kan ṣoṣo wá fún kíláàsì yín, egungun gìgísẹ̀ kan ni n bá mú wá. Lọ́dún 1968, níbi tí wọ́n ti ń ṣí ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ní Giv'at ha-Mivtar, ní àríwá Jerúsálẹ́mù, Vassilios Tzaferis wa ibojì ìdílé kan láti ọ̀rúndún kìíní. Nínú àpótí kan tí wọ́n kọ orúkọ Yehohanan sí, tó jọ Jòhánù tiwa, ó rí egungun gìgísẹ̀ ọ̀tún tí ìṣó irin ṣì gún kọjá. Gígùn ìṣó náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 11.5. Ẹnu rẹ̀ ti tẹ̀, ó jọ pé kókó igi ló bá pàdé, ìdí sì nìyẹn tí àwọn tó sọ òkú náà kalẹ̀ kò fi lè yọ ọ́. Wọ́n gbé ẹsẹ̀ náà tòun ti ìṣó lọ sin, àfọ́kù igi sì ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ọdún kọjá, àwọn ìbátan rẹ̀ padà wá, wọ́n ṣa egungun rẹ̀ jọ pẹ̀lú ìṣó náà. Mi ò lè ronú nípa ìdílé yẹn kí ara mi má bù máṣọ.

Ẹ wo ohun tí egungun kan ṣoṣo yìí ṣe. Àwọn onímọ̀ kan ti ń sọ pé ẹni tí Róòmù bá kàn mọ́ àgbélébùú kì í rí isà òkú. Pé wọ́n máa ń fi í sílẹ̀ fún ẹyẹ àti ajá ni, nítorí náà ìtàn Jósẹ́fù ará Arimatíà kò lè rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kò rí ẹni sin wọ́n. Ṣùgbọ́n Yehohanan rí. Ní ìlú kan náà, ní ọ̀rúndún kan náà, ẹnì kan tọrọ òkú ọmọ wọn, aláṣẹ sì gbà. Kò fi hàn pé wọ́n sin Jésù bí Ìhìn Rere ṣe sọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó tún lè sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò lè ṣẹlẹ̀. Ibi tí ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn lè mú wa dé nìyẹn. Àjíǹde kì í ṣe ohun tí ọkọ́ lè hú jáde, ẹ má sì jẹ́ kí fídíò kankan ṣèlérí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Ó ku ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn. Ẹ má pa á lẹ́nu mọ́, torí ó mọ ohun tó ń sọ dé ìwọ̀n kan. Mùsíọ́ọ̀mù ńlá kan wà ní Washington tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún Bíbélì. Àjákù ìwé 16 tó wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n pè ní ara Àkájọ Ìwé Òkun Òkú, ìyẹn àwọn ìwé àtijọ́ àwọn Júù tí wọ́n rí nínú ihò àpáta lẹ́bàá Òkun Òkú, ni ìwádìí fi hàn lọ́dún 2020 pé ayédèrú ni gbogbo wọn pátá. Àwọn tí ń ṣe ayédèrú kì í sì í ṣe é fún onígbàgbọ́ nìkan. Lọ́dún 2012, àjákù òrépèté kan, irú ìwé tí wọ́n ń fi koríko etí omi ṣe láyé àtijọ́, jáde tó ní Jésù sọ pé “ìyàwó mi”. Àwọn tó fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ gbé e gẹ̀gẹ̀. Nígbà tó fi máa di 2016, àṣírí ti tú pé ẹni tó mú un wá purọ́ nípa bó ṣe dé ọwọ́ òun, onímọ̀ tó gbé e jáde sì gbà pé ó jọ ayédèrú. Ìbéèrè kan náà ló yẹ kí wọ́n ti bi nípa irọ́ méjèèjì: ta ló wà á jáde, níbo ló sì ti wà á?

Ṣùgbọ́n “gbogbo rẹ̀” tí ọ̀dọ́ náà fi kún un kò tọ̀nà. Ẹ bá mi sọ ti Dẹ́lífì fún un, nílẹ̀ Gíríìsì. Àfọ́kù òkúta ni wọ́n rí níbẹ̀, tí wọ́n fín lẹ́tà Kíláúdíù Késárì sí. Lẹ́tà náà dárúkọ Gálíò, aláṣẹ Ákáyà, ó sì sọ iye ìgbà tí wọ́n ti kókìkí Késárì fún ìṣẹ́gun, ìyẹn 26, èyí tó jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan bí ọdún 52 ni wọ́n kọ ọ́. Iwájú Gálíò yìí náà ni wọ́n wọ́ Pọ́ọ̀lù lọ ní Kọ́ríńtì, nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì 18:12. Orí àfọ́kù yẹn ni gbogbo ìṣírò ọdún ìrìn àjò Pọ́ọ̀lù dúró lé: láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kà síwájú, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń kà sẹ́yìn. Kì í ṣe ti Kristẹni, kò sẹ́ni tó rà á lọ́jà, ẹni tó fín in kò sì gbọ́ orúkọ Pọ́ọ̀lù rí. Mi ò tíì rí ẹni tó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp.

Bí ẹ bá pàdé, ẹ sọ fún bàbá pé òkúta wọn dúró gbọn-in, kí wọ́n ṣáà fi Philo, Josephus àti Tacitus sí i. Ẹ sọ fún arábìnrin wa pé kó tọ́jú fídíò náà, ṣùgbọ́n kó má fi jẹ́rìí. Bí fídíò mìíràn bá sì dé, kí gbogbo kíláàsì jọ wá orúkọ ẹni tó walẹ̀ àti orúkọ ibi tó ti walẹ̀. Tí wọn ò bá rí méjèèjì, kí wọ́n gbé e tì.

Bí Ọlọ́run bá sì mú yín dé Jerúsálẹ́mù, bí ọ̀pọ̀ ará wa ṣe ń lọ, wọ́n lè mú yín dé Kesaríà, wọ́n á sì fi òkúta Pílátù hàn yín níbẹ̀. Àdàkọ nìyẹn. Ojúlówó wà nínú Mùsíọ́ọ̀mù Ísírẹ́lì ní Jerúsálẹ́mù, àpótí Káyáfà náà sì wà níbẹ̀. Ẹ wo ọwọ́ òsì òkúta náà dáadáa, ẹ máa rí ibi tí àwọn bíríkìlà ti gbẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ gómìnà náà dànù kí àtẹ̀gùn wọn lè tẹ́jú.